Bí kòrónà bá wọ ilé olójúlé: bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn nínú yàrá kan láìjẹ́ kó ran ojúlé tó kù

Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ kan náà sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní pàjáwìrì, àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní kòrónà ti lọ. Kò lọ síbì kankan. Ara ọ̀pọ̀ wa ló ti mọ̀ ọ́n, yálà nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí nítorí pé a ti ṣe é rí, ìdí nìyẹn tí kò fi le mọ́ wa tó ti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá mú bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún, aláboyún, tàbí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn kíndìnrín tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, ó ṣì lè gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Inú ilé ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kòrónà ti ń gbádùn. Ìmọ̀ràn sì pọ̀ níta, àmọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin tó ní balùwẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá mu: kí aláìsàn ní yàrá tirẹ̀, kó ní ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Èyí tí a kọ síbí, ilé olójúlé ló wà fún, níbi tí yàrá ti dojú kọra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín wọn kọjá, tí gbogbo ilé sì ń tò síwájú balùwẹ̀ kan láàárọ̀. Ohun méjì ni kí ẹ máa ṣọ́ níbẹ̀: afẹ́fẹ́ tí aláìsàn ń mí síta, àti bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń mí. Ìyókù, ẹ̀yìn méjì yìí ló ń tẹ̀lé.

Ibà ni, àbí kòrónà?

Ibí ni owó ti máa ń kọ́kọ́ ṣòfò. Ara gbóná, orí ń fọ́, oríkèé ń ro, ẹnu korò: lọ́dọ̀ wa, ibà nìyẹn. A ó gba kẹ́mísì lọ ra oògùn ibà, bí kò bá lọ a ó ní taifọ́ọ̀dù ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Báyìí ni ọjọ́ márùn-ún yóò ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ àárín ọjọ́ márùn-ún yẹn ni aláìsàn kòrónà máa ń ran èèyàn jù.

Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ikọ́ gbígbẹ, ọ̀fun dídùn àti imú dídí kì í sábà bá ibà ẹ̀fọn rìn lára àgbàlagbà. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ fura sí kòrónà. Ní ọdún 2020, kí èèyàn má gbóòórùn mọ́ ni àmì rẹ̀ tó hàn jù. Láti ìgbà tí ẹ̀yà Omicron ti dé ní ìparí ọdún 2021, èyí kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ má torí pé ẹnì kan ṣì ń gbóòórùn ọbẹ̀ kí ẹ ní kì í ṣe kòrónà. Ẹnì kan náà sì lè ní ibà àti kòrónà pọ̀: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó rí ibà kò sọ pé kòrónà kò sí. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá jù lọ agbègbè Ọ̀wọ̀, ẹ fi ibà Lassa kún ohun tí ẹ ó fura sí, torí bákan náà ni òun náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Àyẹ̀wò méjèèjì ni kí ẹ ṣe: ẹ̀jẹ̀ ìka fún ibà, imú fún kòrónà. Bí ẹ bá fẹ́ ra kíìtì àyẹ̀wò imú fúnra yín, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí kí ẹ tó sanwó. Ooru tí ọ̀pọ̀ wọn lè gbà kò ju 30°C lọ. Èyí tó ti ń gba oòrùn nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ lè ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ohunkóhun hàn lára páálí rẹ̀.

Kí aláìsàn kọ́kọ́ fun ikun imú rẹ̀ dànù. Ẹ ti òwú orí igi náà bọ ihò imú, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kó kan ara imú gan-an, kí ẹ yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Igi kan náà ni ẹ ó mú lọ sí ihò kejì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé òwú náà kàn ń rábàbà láàárín ihò imú, kò kan ibì kankan. Ẹ ti òwú náà bọ omi inú ike rẹ̀, ẹ rò ó dáadáa, ẹ fi ìka fún ike náà mọ́ òwú bí ẹ ti ń fà á jáde, kí ẹ wá kán iye ẹ̀kán tí ìwé inú páálí bá pè sínú ihò ara kíìtì. Ìlà tó wà níbi lẹ́tà C lára kíìtì gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá jáde, kíìtì ti bàjẹ́, ẹ lo òmíràn. Bí ìlà ibi lẹ́tà T bá jáde, kó tilẹ̀ jẹ́ fìrífìrí ni ẹ rí i, kòrónà ni. Ìṣẹ́jú 15 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, ìlà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́yìn wákàtí kan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí kò bá sí T lọ́jọ́ kìíní, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48, torí pé kòkòrò náà lè má tíì pọ̀ tó nínú imú. Títí ìgbà yẹn, ẹ máa ṣe bí ẹni pé ó ní in.

Yàrá, fáànù àti ọ̀dẹ̀dẹ̀

Bí èèyàn bá ń wúkọ́, tó ń sín, tó ń kọrin, tàbí tó kàn ń sọ̀rọ̀, omi tín-ín-tín ń bá èémí rẹ̀ jáde. Èyí tó tóbi nínú rẹ̀ ń já sílẹ̀ kó tó kọjá mítà kan sí méjì. Èyí tó kéré ń léfòó bí èéfín sìgá, ó sì lè wà nínú yàrá tí a tì pa fún wákàtí mélòó kan, kódà lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jíjókòó lọ́nà jíjìn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì kò fi gbà ẹnikẹ́ni là.

Yàrá tó ní fèrèsé méjì lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dára jù. Ẹ ṣí méjèèjì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ yàrá ilé olójúlé, fèrèsé kan ni, ilẹ̀kùn sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá ṣí méjèèjì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta yóò gba fèrèsé wọlé, yóò gbé èémí aláìsàn gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré tí àwọn kan sì gbé sítóòfù sí. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé fáànù síwájú fèrèsé, kí ojú rẹ̀ kọ síta. Èyí máa ń ṣòro fún èèyàn láti gbà, torí fáànù tó ń fẹ́ sí wa lára ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n fáànù tó kọjú síta ń lé afẹ́fẹ́ yàrá jáde, afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò sì máa gba àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé láti dípò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ya tíṣù gbọọrọ kan, ẹ dì í mú sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti ìhà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ìdí tíṣù náà bá tẹ̀ sínú yàrá, ó dára. Bó bá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, atẹ́gùn ìta lágbára ju fáànù lọ; ẹ sún fáànù mọ́ fèrèsé sí i, kí ẹ fi páálí dí ààyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè padà. Nígbà tí iná bá lọ tí fáànù kú, ẹ ká ìró tàbí tówẹ̀lì dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí iná bá dé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé pẹ̀lú, torí eruku ọlọ́dún gbọọrọ tó wà lára rẹ̀ ń dí afẹ́fẹ́ ju bí ẹ ti rò lọ. A/C inú yàrá kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń yí po. Ẹ pa á.

Fèrèsé ṣíṣí lóru ní wàhálà tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀fọn: kí aláìsàn sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kó má baà jẹ́ pé ẹ ń wo kòrónà kí ibà tún bá a níbẹ̀. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀, ti yín àti ti aládùúgbò. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé tó mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sí bálíkónì, kódà bí òjò bá ń rọ̀.

Bí ìdílé bá ń gbé yàrá kan ṣoṣo, ẹ gbé ibùsùn aláìsàn sí abẹ́ fèrèsé, kí àwọn yòókù sùn ní ìhà ilẹ̀kùn, kí orí wọn má dojú kọ ti aláìsàn, kí gbogbo yín sì wọ ìbòmú bí ẹ bá wà nínú yàrá pa pọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ gbé àga fún aláìsàn sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sí oògùn tó tó ìta gbangba nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ yára kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà lábúlé. Láàárín ọjọ́ 2 sí 14 ni àìsàn náà fi ń fara hàn lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kó o, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ gbé e lọ bá ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbà á.

Ọjọ́ mélòó ni aláìsàn yóò fi wà lọ́tọ̀? Láti ọdún 2023, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ọjọ́ 10 láti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, tàbí ọjọ́ 5 láti ọjọ́ àyẹ̀wò fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ẹni tó bá tún àyẹ̀wò ṣe tí kò rí ìlà T mọ́ lè jáde ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìbòmú

Ankara ìlẹ̀pọ̀ kan kò tó. Ìlẹ̀pọ̀ mẹ́ta ni ìlànà àgbáyé fún ìbòmú aláṣọ: òwú ní inú níbi tó kan ẹnu, aṣọ bíi pọlísítà ní ìta, kí ẹ fi polypropylene sí àárín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn báàgì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó nìyẹn, èyí tó dà bí aṣọ ṣùgbọ́n tí kò ní òwú híhun. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e, ẹ rán an sáàárín. Ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, yóò yọ́. Bí ẹ bá rán an tán, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ gbìyànjú láti fẹ́ iná ìṣáná tó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu yín kú. Bí ó bá kú wẹ́rẹ́, aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ jù.

Ìbòmú àwọn dókítà, aláwọ̀ búlúù yẹn, ń sé afẹ́fẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń là. Ẹ ta kókó sí okùn etí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ aṣọ, ẹ tẹ ìyókù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú, yóò fún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ tẹ irin orí imú dáadáa: bí awòjú yín bá ń rí kùrukùru, afẹ́fẹ́ ń yọ lókè. Ẹ kì í fọ irú èyí, ẹ jù ú nù bó bá ti tutù tàbí tó dọ̀tí. Bí owó bá wà fún N95 tàbí KN95, ìbòmú líle tó ń lẹ̀ mọ́ ojú, ẹni tó ń tọ́jú ni kó kọ́kọ́ rà á fún, nígbà tó bá ń wọlé sọ́dọ̀ aláìsàn. Èyí tó ní ihò ike níwájú kò dára fún aláìsàn rárá, torí ihò náà ló ń tú èémí rẹ̀ síta. Ẹ má fi ìbòmú sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Ọwọ́, balùwẹ̀ àti bílíìsì

Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ owó ló wọ́ lọ sórí fífọ́n oògùn sí ojú títì àti sára ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ran èèyàn jù. Ilẹ̀ àti ògiri kò tó bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ àti omi ló tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí omi máa ṣàn: abọ́ kan tí gbogbo ilé ń ki ọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó jẹun kì í ṣe ìwẹ̀wọ́. Búútà àlùwàlá ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, kí ẹnì kan máa da omi, kí èkejì fi ọṣẹ pa ọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, títí kan àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Sanitáísà tó bá dín ní 60% ọtí kò ṣiṣẹ́ tó. Ògógóró tí ẹnikẹ́ni kò wọn agbára rẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ní ti balùwẹ̀ àpapọ̀, kí aláìsàn wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn láàárọ̀, kó wọ ìbòmú lọ wọ ìbòmú bọ̀, kó sì ṣí fèrèsé ibẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹlòmíràn má wọlé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bílíìsì nu ẹnu ẹ̀rọ omi, ọwọ́ garawa àti ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ìwọ̀n bílíìsì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ ka ara ìgò: ọ̀pọ̀ èyí tí a ń tà nílẹ̀ wa jẹ́ 3.5%. Fún nínu nǹkan lásán, ṣíbí ìjẹun méjì, ìyẹn mílílítà 30, sínú lítà omi kan, tó jẹ́ ìgò omi 50cl méjì. Bó bá jẹ́ èébì tàbí ìgbẹ́ ló dà sílẹ̀, ife bílíìsì kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ nu ìdọ̀tí kúrò, torí ìdọ̀tí ń pa agbára bílíìsì. Kí ẹ wá da èyí sí i, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tútù ni ẹ ó fi pò ó, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù di ọ̀la, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn ìfọṣáláńgá, Izal tàbí ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun kíkan ń mú kó tú èéfín oró jáde, nínú balùwẹ̀ tóóró irú èéfín bẹ́ẹ̀ lè mú èèyàn dákú. Bílíìsì kì í ṣe ohun ìwẹ̀, kì í ṣe ohun ìfọnu.

Oúnjẹ àti oògùn

Fún ara gbígbóná àti orí fífọ́, àgbàlagbà lè lo parasitámọ́ọ̀lù 500mg méjì ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọjá ìwọ̀n ni pé wọ́n tún ń lo oògùn ọ̀fìnkìn alápòpọ̀ tí parasitámọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ẹ ka páálí. Ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí tí kò sanra rárá, kó bi apòògùn. Ọmọdé, ìwọ̀n rẹ̀ ń tẹ̀lé bó ṣe wúwo, ẹ má sì fún un ní aspirin.

Ara gbígbóná ń gbẹ omi ara. Ẹ wo ìtọ̀ aláìsàn: bó bá ti pọ́n, omi kò tó. Bó bá ń ṣunú tàbí ó ń bì, ẹ fún un ní ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, sáṣẹ́ẹ̀tì kan sí iye omi tó wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, sínú lítà omi mímọ́ kan. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu, pàápàá fún ọmọdé. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù kí ẹ tún un pò. Ẹ̀kọ mímu, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja: ohunkóhun tí ọ̀nà ọ̀fun bá gbà. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n lemọ́lemọ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, aláìsàn kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ máa wọn ṣúgà rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí àìsàn ń gbé e sókè.

Wàyí o, ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn ní Èkó nítorí pé wọ́n gbé klorokúìnì jẹ ní àjẹjù. Ìwádìí ńlá tó tẹ̀lé e fi hàn pé kò wo kòrónà. Ivermectin, oògùn aràn, náà kò wò ó. Azithromycin àti irú rẹ̀ ń pa bakitéríà, kòrónà kì í ṣe bakitéríà. Dexamethasone, oògùn tó ń mú ara wíwú wálẹ̀, ló yàtọ̀, òun ló sì léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí òótọ́ ni pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY ní Bìrìtìkó fi hàn pé ó dín ikú kù láàárín àwọn tí wọ́n ń fún ní ọ́síjìn nílé ìwòsàn. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn, kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan, ó tilẹ̀ lè pa wọ́n lára. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gbé e mì nílé ń gbé ṣúgà ara rẹ̀ sókè lásán ni.

Àgbo ńkọ́? Ẹ má bá ìyá yín jà lórí atalẹ̀ àti oyin, ó ń tu ọ̀fun lára, àyàfi pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin. Ṣùgbọ́n kò tíì sí àgbo tí a fi ẹ̀rí hàn pé ó ń pa kòrónà, àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Fífi aṣọ borí sórí ìkòkò omi híhó kì í pa kòkòrò yìí, omi náà sì ti bó ọmọdé àti àgbà lára.

Ṣíṣọ́ èémí

Iṣẹ́ olùtọ́jú gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí tiwọn bá máa le, láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ló máa ń yí padà, nígbà míì lẹ́yìn tí ara ti dà bí ẹni pé ó ń yá. Ẹ̀dọ̀fóró lè ti ń kùnà kí aláìsàn tó mọ̀. Ẹ ó rí i tó ń tẹ fóònù, tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àìsàn, ìwọ̀n ooru ara, àti iye èémí. Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé ẹ fẹ́ ka èémí rẹ̀, yóò yí i padà láìmọ̀. Ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀, kí ojú yín wà lára àyà rẹ̀: gbogbo ìgbà tí àyà bá gbéra sókè, ẹ kà á sí ẹyọ kan, fún odindi ìṣẹ́jú kan. 12 sí 20 dára fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. 21 sí 24, ẹ pe dókítà. 25 sókè, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró dé 30. Ti ọmọdé yàtọ̀: 50 sókè fún ọmọ oṣù 2 sí 11, 40 sókè fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ni ó ti yára jù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka, oximeter, wúlò bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Nọ́ńbà méjì ló ń gbé jáde. Èyí tí wọ́n kọ SpO2 sí ni ti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ PR sí tàbí tí wọ́n ya ọkàn sí ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù. Ìgbà gbogbo ni àwọn èèyàn ń ka PR 96 tí wọ́n ń sọ pé afẹ́fẹ́ pé, tí SpO2 sì wà ní 88 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ nu ọ̀dà èékánná àti làálì kúrò, ẹ yọ èékánná àtọwọ́dá. Bí làálì bá kọ̀ tí kò kúrò, ẹ lo ìka tí kò sí lára rẹ̀. Bí ọwọ́ bá tutù, ẹ fi ọwọ́ ra á kó gbóná. Kí aláìsàn sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀rọ wà ní ìka fún ìṣẹ́jú kan títí nọ́ńbà yóò fi dúró.

95 sókè dára. 93 tàbí 94, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. 92 sísàlẹ̀, ẹ gbéra. Ẹ sì rántí pé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ yìí máa ń gbé nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ jáde lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, bí ó bá ń ti 98 bọ̀ sí 96 sí 94 láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má fi "ó ṣì dára" tu ara yín nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ ń tàn án: ẹni tí èéfín ń pa lọ lè ní 99. Bí nọ́ńbà bá dára ṣùgbọ́n tí aláìsàn ò lè parí gbólóhùn kan láìsinmi, aláìsàn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Àmì yòókù tí kò gba ìdúró: àyà tó ń dùn tàbí tó wúwo, èèyàn tó ń ṣọ̀rọ̀ ìsọkúsọ tàbí tí kò ṣe é jí, ètè tàbí ahọ́n tó di àwọ̀ eérú, kí ọmọdé kọ ọyàn tàbí kí abẹ́ ìhà rẹ̀ máa wọnú bó ṣe ń mí. Ní Nàìjíríà, 6232 ni nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn. Kí ẹ tó gbé aláìsàn kúrò nílé, ẹ pe ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ, kí ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba aláìsàn nìkan. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ́síjìn wà nílẹ̀ nísinsìnyí. Nínú ọkọ̀, kí aláìsàn jókòó sẹ́yìn, kí gbogbo fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí gbogbo yín wọ ìbòmú. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, àti gbogbo oògùn tó ń lò. Bí ẹ bá ń dúró de ọkọ̀, kí ó jókòó kó tẹ̀ síwájú lórí ìrọ̀rí. Ẹ má fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ gbalaja. Ẹ má sì ra sílíńdà ọ́síjìn fún ara yín. Iye tó yẹ kó máa jáde kì í ṣe ohun tí à ń fojú díwọ̀n, ọ́síjìn sì ń mú kí iná ràn kíá nínú yàrá tí àbẹ́là àti sítóòfù wà.

Lẹ́yìn tó bá ti san

Ẹ ṣí yàrá náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ fọ aṣọ ibùsùn pẹ̀lú ọṣẹ lásán, ẹ sá tìmùtìmù sóòrùn. Kò sí ìdí láti jó o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san ṣì lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára; kì í ṣe pé kò ní kó kòrónà mọ́ láé, àmọ́ ó ń dín bó ṣe ń le kù, ìyẹn sì ni ohun tí ẹni tó ti dàgbà nílò jù. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín.

Àárẹ̀ lè pẹ́ lára. Ẹni tó bá rí i pé bí òun bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ lónìí, ọ̀la ni òun ó dùbúlẹ̀, kó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí kéékèèké, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ tí èémí ṣì ń kúrú tàbí tí ọkàn ń sáré, kó padà lọ rí dókítà.

Àìgbóòórùn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó padà. Ẹ lè kọ́ imú padà: kànáfùrù, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́, ewé efinrin àti atalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgò kékeré, kó máa gbóòórùn ìkọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 láàárọ̀ àti lálẹ́, kó máa rántí bí wọ́n ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀, kó ṣe é fún oṣù mélòó kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kí ẹlòmíràn máa bá a gbóòórùn ọbẹ̀ àná kó tó jẹ ẹ́. Kí ó má sì dá nìkan tan gáàsì: bí sílíńdà bá ń jò, kò ní mọ̀. Kí ó fi ìfófòó ọṣẹ sí ẹnu rẹ́gúlétọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ sílíńdà. Bí ìfófòó bá ń wú jáde, kí ó tì í, kó pe ẹni tó máa tún un ṣe.